Ìdákọ̀ró Pẹ́pẹ́yẹ

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ mi wọ òkun, ó bá Pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́kọ̀ níbẹ̀. Bó bá fẹ́ pẹja, a máa ju ìdákọ̀ró irin lu Iyùn, àpáta ẹlẹ́mìí tí ẹja ń yé sí. Akàn fi orin bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbè é:

Pẹ́pẹ́yẹ, rọra o!
*Ilé ọmọ ni!*
Má firin fọ́ ọ!
*Ilé ọmọ ni!*

"Ṣé òkúta ń bímọ ni?" ni Pẹ́pẹ́yẹ fi dáhùn.

Ó jù ú, ó tún jù ú. Lẹ́ẹ̀kẹta, irin há. Ó wọmi lọ tú u. Ó bá ìyá ẹja tó fara bo ẹyin lábẹ́ irin, kò sá. Àánú ṣe Pẹ́pẹ́yẹ: òun náà ní ẹyin nílé. Láti ìgbà náà, èèkàn tó rì sínú iyanrìn ló ń so ọkọ̀ mọ́.

Ẹ wo pẹ́pẹ́yẹ lódò bó ṣe ń tẹrí bọmi. Ó ń wò bóyá ọmọ ẹnìkan wà nísàlẹ̀ ni.