Ìdí Tí Ìjàlọ Fi Ń Yà fún Eérú

Nígbà láéláé, kí ìjàlọ tó máa yà fún eérú, funfun báláú ni Àdàbà. Òun ni olólùfẹ́ Ìjàlọ, balógun tó ṣẹ́gun gbogbo inú igbó.

Tí àwọn ẹranko bá gbọ́ orúkọ Ìjàlọ, ẹsẹ̀ kò ní gbèrò bí wọ́n ṣe ń sá. Àdàbà ní tirẹ̀ kì í sá. Ó mọ̀ pé tí ọkùnrin náà bá ti ogun dé, á kọ́kọ́ nu ẹnu rẹ̀ mọ́ kó tó wọlé. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, kò sì fi pa mọ́.

Òfin kan ló de àwọn ọmọ ogun Ìjàlọ: wọn kì í kógun ja ilé àna. Ẹni tó bá ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún òbí ìyàwó rẹ̀, eérú ààrò ni wọ́n ń dà yí ilé àna náà ká, kí ogun lè yà fún un.

Àdàbà a máa bi í pé, "Balógun mi, ìgbà wo lo máa wá dọ̀bálẹ̀ nílé wa?"

"Jẹ́ kí n ti ogun yìí dé ná, Àwẹ̀ró." Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàlọ máa ń pe Àdàbà.

Ogun kan a tán, òmíràn a dé. Odidi ọdún mẹ́ta, kò tilẹ̀ béèrè ibi tí ilé wọn wà.

Lọ́jọ́ kan, Ìjàlọ ní, "Abẹ́ Ìrókò ló kàn lónìí."

Àdàbà figbe ta. "Ìyá mi ń bẹ níbẹ̀! Ó ti darúgbó, kò lè fò mọ́."

"O ò sọ fún mi."

"O ò béèrè!"

"Mo ti búra lójú àwọn ọmọ ogun. Ẹyin lohùn."

Àdàbà gbéra. Ó fò lọ sílé ìyá rẹ̀, ó kó eérú ààrò, ó dà á yí ilé ká. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀: atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ padà sí i lára, títí gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ fi ṣú.

Ogun dé. Ìjàlọ dúró létí eérú.

"Ta ló da èyí? Mi ò tíì dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

"Èmi ni. Dọ̀bálẹ̀ báyìí, tàbí kí o gba orí mi kọjá."

Ìjàlọ bojú wẹ̀yìn, àwọn ọmọ ogun ń wò ó, kò lè dọ̀bálẹ̀. Ó wo iwájú, ó rí Àdàbà, kò lè tẹ eérú náà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ogun tẹ̀ lé e. Ìtìjú kò jẹ́ kó padà wá mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìjàlọ ti ń dé etí eérú, tí á dúró díẹ̀, tí á sì yà. Láti ọjọ́ yẹn náà ni àdàbà ti ní àwọ̀ eérú. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ wẹ̀. Àdàbà ní òun ò ní wẹ̀: tí Ìjàlọ bá pàpà wá dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó lè mọ ilé àna rẹ̀.