Ta Ló Ń Jẹ Ẹran Ara Agégi?

Agégi kan wà ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni. Ó ní ìyàwó kan, wọ́n sì ti jọ gbé fún ogún ọdún láìsí pé ẹnikẹ́ni wá parí ìjà fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí o gbé wá bá mi láàárọ̀ yìí ló rán mi létí rẹ̀. Má tíì dá mi lóhùn. Gbọ́ ọ tán ná.

Iṣẹ́ igi gígé kì í ṣe iṣẹ́ tó rọrùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi ló ń dààmú ọkùnrin yìí. Òṣùwọ̀n ni. Íǹṣì àti ẹsẹ̀ bàtà ni àwọn tó ń kó igi bọ̀ láti inú igbó fi ń wọn igi. Àwọn tó ń ya àwòrán ilé ní ọ́fíìsì, mítà àti sẹ̀ǹtímítà ni tiwọn. Àárín àwọn méjèèjì ni agégi dúró sí, òun ni èébú sì ń bà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá àti mítà mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba. Íǹṣì méjì ó dín díẹ̀ ló wà láàárín wọn, inú ibi kékeré yẹn ni gbogbo ìjà ń gbé. Ẹni tó fi mítà sọ̀rọ̀ á ní agégi rẹ́ òun jẹ. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ bàtà sọ̀rọ̀ náà á ní bẹ́ẹ̀.

Nígbà kan, káfíńtà kan sọ fún un lórí fóònù pé kó gé ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rin fún òun, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n-ọgbọ̀n. Íǹṣì ni káfíńtà ń sọ, sẹ̀ǹtímítà ni agégi gé. Bí wọ́n bá fi igi náà kan tábìlì, ewúrẹ́ nìkan ló lè dúró tì í jẹun.

Láti ọjọ́ náà ni agégi ti kọ́gbọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, kí ó tó kí i tán ni yóò ti máa bi í pé, "Íǹṣì ni àbí sẹ̀ǹtímítà? Ẹ sọ ọ́ kí ayùn tó wọ igi." Ìbéèrè yìí gba igi púpọ̀ lọ́wọ́ ìbàjẹ́, ó sì gba òun náà lọ́wọ́ ìjà.

Ó wá di ọdún kan, àwọn oníṣègùn kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti yẹ àwọn ènìyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Òṣùwọ̀n àtijọ́ kan ni wọ́n gbé wá. Agégi gun orí rẹ̀, wọ́n kọ 165 sórí káàdì fún un, wọ́n ní ara rẹ̀ le dáadáa. Ó fi káàdì náà sínú Bíbélì rẹ̀, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ibà gbé e dè. Ó lọ sí ilé ìwòsàn kan, nọ́ọ̀sì ní kó gun òṣùwọ̀n, ó gùn ún, nọ́ọ̀sì kọ 75 sórí káàdì mìíràn. Agégi kò bi í ní ohunkóhun. Ó gba oògùn, ó délé, ó rántí káàdì inú Bíbélì, ó sì gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Àádọ́rùn-ún ti lọ nínú ara òun! Nínú oṣù márùn-ún péré!

Ẹ̀rù bà á gidigidi, n kò sì ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni ẹ̀rù kò ní bà? Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣe. Ó dúró níwájú dígí, ó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun kò jìn. Ṣòkòtò rẹ̀ kò tú. Bẹ́líìtì rẹ̀ ṣì wà ní ihò tó ti ń wà láti ọdún mẹ́ta. Ẹlòmíràn ì bá ti ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, kó padà lọ bi nọ́ọ̀sì léèrè. Agégi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àṣírí ibẹ̀ gan-an nìyẹn: ẹni tó ń jẹ òun gbọ́n, inú lọ́hùn-ún ló ti ń jẹ òun, ó fi awọ sílẹ̀ kí aráyé má bàa fura.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni náà kiri nínú ọkàn rẹ̀. Kò sì lọ jìnnà. Àwọn àgbà ti wí pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ta ló wà nínú ilé? Ta ló ń se oúnjẹ?

Bó ṣe di pé ó ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Obìnrin náà ti dín ata ọbẹ̀ kù nítorí ọgbẹ́ inú tó ń dà á láàmú. Tẹ́lẹ̀, ọkọ kò ka ìyẹn sí. Wàyí o, ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló fi rọ́pò ata. Obìnrin náà ra ìkòkò tuntun, ọkọ ní kí ni ìkòkò àtijọ́ rí tí wọ́n fi gbé e sọnù. Bí ìyàwó bá bi í lẹ́yìn oúnjẹ pé, "Bàbá Fúnmbi, ṣé ẹ yó?" agégi á sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti wọ̀ mí lára." Bí kò bá bi í, á ní, "Ó ti dá a lójú." Kò sí ohun tí obìnrin yìí lè ṣe mọ́ tí kò ní di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

Kò bá a jà o. Ì bá sàn kó bá a jà. Ńṣe ló ń gba oúnjẹ, tó ń dúpẹ́, tó ń gbé e lọ sẹ́yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ gba atẹ́gùn, tó sì ń dà á fún ajá. Òun fúnra rẹ̀ ń mu gaàrí níbi iṣẹ́, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ lójú ọ̀nà. Ó ń ṣọ́ ajá náà kó lè rí i bóyá yóò kú. Ajá kò kú. Ajá ń sanra ni, ara rẹ̀ ń dán. Ó yẹ kí ìyẹn fi í lọ́kàn balẹ̀, àbí? Rárá. Ó ní ẹran ara òun ló ń lọ bá ajá.

O ń rẹ́rìn-ín. Rẹ́rìn-ín, kò burú.

Lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀, ó padà sí ilé ìwòsàn yẹn, wọ́n kọ 68. Lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀ mìíràn, wọ́n kọ 61. Lọ́tẹ̀ yìí ṣòkòtò tú lóòótọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ jìn. Àwọn ènìyàn ń pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Mo ti mọ̀! Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀!" Inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dùn pé òun kò ṣìnà. Èyí ló máa ń bà mí lẹ́rù jù lọ nínú ọ̀rọ̀ afurasíni: inú rẹ̀ a máa dùn sí ibi tó bá dé bá a, bó bá ti jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ sọ pé ó ń bọ̀.

Ìyàwó náà ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń rù. Ó ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Ó fi ẹran kún ọbẹ̀, ó fi ẹyin sí i, ó ta gèlè rẹ̀ méjì kó lè ra adìẹ. Bó ṣe ń fi kún un ni ara túbọ̀ ń fu ọkọ. Ní ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Fúnmbi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi." Ọkọ ní kò sí nǹkan kan.

Nígbà tó yá, agégi ránṣẹ́ pe ẹbí, ó ní kí àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀ wá mú ọmọ wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n agégi wá, bàbá ìyàwó náà wá. Arúgbó yìí ti fi ọgbọ̀n ọdún wọn kòkó fún àwọn tó ń rà á. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi pọ́n-ùn wọn ọ́n, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí ìjọba ní kílò ni kí gbogbo ènìyàn máa lò. Ìyàwó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀.

Agégi gbé káàdì méjèèjì kalẹ̀ níwájú wọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Ọgọ́jọ ó lé márùn-ún ni mí tẹ́lẹ̀. Mo di márùndínlọ́gọ́rin. Mo di méjìdínláàádọ́rin. Mo ti di mọ́kànlélọ́gọ́ta báyìí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ bá mi bi ọmọ yín léèrè ohun tó ń fún mi jẹ."

Arúgbó náà fi gíláàsì sójú. Ó wo káàdì àkọ́kọ́ pẹ́, ó wo èkejì. Kò bi ọmọ rẹ̀ ní nǹkan kan. Àna rẹ̀ ló bi.

"Ọkọ ọmọ mi, pọ́n-ùn ni èyí àbí kílò?"

Agégi ní, "Ẹn?"

"Mo ní òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín, pọ́n-ùn ló ń kà àbí kílò? Nítorí pọ́n-ùn méjì àti díẹ̀ ló wà nínú kílò kan. Mo ti ṣe ìṣirò yẹn fún àgbẹ̀ tó pọ̀ ju irun orí rẹ lọ. Ọgọ́jọ ó lé márùn-ún tí wọ́n kọ síbí yìí, bí o bá sọ ọ́ di kílò, márùndínlọ́gọ́rin ni. Bí o ṣe wúwo tó ní ṣọ́ọ̀ṣì náà lo ṣe wúwo tó lọ́jọ́ tí ibà ń ṣe ọ́. Ohunkóhun kò tíì kúrò lára rẹ nígbà náà."

Ọkùnrin tó ń da ìbéèrè íǹṣì àbí sẹ̀ǹtímítà bo gbogbo ayé, kò bi ẹnikẹ́ni nígbà tó kan ara òun. Ó ṣọ́ra fún pákó ju bó ṣe ṣọ́ra fún ìyàwó rẹ̀ lọ.

Arúgbó náà kò tíì ṣe tán. Ó fi ìka lé àwọn nọ́ńbà tó kù. Ó ní, "Ṣùgbọ́n méjìdínláàádọ́rin yìí, kílò ni. Mọ́kànlélọ́gọ́ta yìí, kílò náà ni. Àwọn wọ̀nyí lọ lóòótọ́. Ta ló jẹ wọ́n?"

Agégi kò lè gbójú sókè. Ó jẹ́wọ́ gaàrí, ó jẹ́wọ́ búrẹ́dì, ó jẹ́wọ́ ajá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ṣèèṣì wo ojú ìyàwó, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Obìnrin náà dìde. Ó ní, "Oṣù mẹ́ta. Mo ta gèlè mi, mo fi ra adìẹ fún ajá. Ẹ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ká ní ẹ bá mi jà ni, ǹ bá mọ̀ pé ìjà wà." Ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀. Agégi dọ̀bálẹ̀, bàbá obìnrin náà pàápàá bá a bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Àwọn tí wọ́n pè láti wá mú un lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú wọn jáde.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni agégi lọ bẹ̀ ẹ́ kó tó padà. Ó padà, a dúpẹ́. Ó ń se oúnjẹ, ọkọ ń jẹ ẹ́, ara ọkọ sì ti padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò bi í mọ́ pé, "Ṣé ẹ yó?" Á gbé abọ́ kalẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí. Agégi sọ fún mi pé òun máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹun pẹ́, pé bóyá lọ́jọ́ kan yóò bi òun.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kàn ọ́ wàyí. Máa wò mí, má wolẹ̀.

O sọ fún mi pé ọmọ rẹ ọkùnrin ti yí padà. O ní nígbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n, oṣooṣù ló ń wá wò ọ́, ẹ̀ẹ̀mejìlá lọ́dún. O ní láti ìgbà tó ti gbéyàwó tí iṣẹ́ sì gbé e lọ sí Kàdúná, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló wá lọ́dún tó kọjá. Méjìlá di mẹ́ta, o ní ìyàwó rẹ̀ ló gba ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wádìí rẹ̀ lẹ́nu rẹ, ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé àràárọ̀ ló ń pè ọ́ lórí fóònù kó tó lọ síbi iṣẹ́, tó ń bi ọ́ pé báwo lo ṣe sùn. Ìyẹn ni o kò kà mọ́ ọn. Ìbẹ̀wò lo fi ń wọn ìfẹ́ rẹ̀ nígbà tó wà nítòsí. Ìpè ló fi ń ránṣẹ́ rẹ̀ nísinsìnyí tó wà lọ́nà jíjìn. Ó yẹ kí o kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n fi wọn ọ́n, kí o tó bèèrè ẹni tó jí i.

N kò sọ pé kí ènìyàn má fura. Ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n oògùn ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní oúnjẹ.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni o kò sọ fún mi. Ìyàwó rẹ ló pè mí, tó sọ ọ́ kí o tó wọlé. Ó ní ọjọ́ kọkànlá rèé tí o ti pa fóònù rẹ, kí ọmọ lè mọ̀ pé inú ń bí ọ. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọmọ á dákẹ́. Ìwọ á tún padà wá bá mi pé, "Ṣé ẹ rí i? Kò tilẹ̀ pè mí mọ́." Òótọ́ lo máa sọ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ara rẹ lo sì fi ṣe é.

N kò ní bá ọ bá ẹnikẹ́ni wí, nítorí kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ọ́. Yọ fóònù yẹn nínú àpò rẹ. Tàn án níbi tí o jókòó sí yìí, kí o pe ọmọ rẹ, kí o sì sọ fún un bí o ṣe sùn.