Fíìmù Tí Ẹ̀rọ Oyèkànmí Kọ́kọ́ Fọ̀

Iṣẹ́ ń kú lọ mọ́ Oyèkànmí ayàwòrán lọ́wọ́. Ìkìrun ló ń gbé, àmọ́ Ìbàdàn ni ó ní láti gbé gbogbo fíìmù aláwọ̀ tó bá yà lọ fọ̀, nítorí kò sí ẹ̀rọ rẹ̀ nítòsí láyé ìgbà náà. Fífọ̀ ni àwọn ayàwòrán ń pè é: wọ́n á fi kẹ́míkà fọ fíìmù títí àwòrán inú rẹ̀ yóò fi yọjú. Bí Oyèkànmí bá kó fíìmù ìgbéyàwó lọ, ó lè jẹ́ àwòrán ìsọmọlórúkọ ará ibòmíràn ni wọn yóò dì fún un. Èyí tó kẹ́yìn ló burú jù. Fíìmù ìsìnkú bàbá arúgbó kan sọnù sọ́hùn-ún pátápátá, àwọn ọmọ olóògbé sì dúró lójú ọjà, wọ́n ní Oyèkànmí ti sin bàbá àwọn lẹ́ẹ̀kejì. Láti ìgbà náà ni àwọn oníbàárà ti ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dùn ún wọ akínyẹmí ara.

Ibi tí ó ti ń ronú ni ó ti gbọ́ pé ilé ìfọ-fíìmù kan fẹ́ kógbá wọlé ní Ìbàdàn, wọ́n sì fẹ́ ta ẹ̀rọ wọn méjèèjì, àlòkù ni. Ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni: a ó ti fíìmù bọ̀ ọ́ lẹ́nu, rọ́là inú rẹ̀ á máa gbé e láti inú agbada kẹ́míkà kan bọ́ sínú òmíràn, títí yóò fi jáde ní gbígbẹ. Díẹ̀kọ́lá ará Ìrágbìjí, tí òun àti Oyèkànmí jọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, ní òun yóò ra ìkejì. Oyèkànmí ní kí àwọn kọ́kọ́ bi àbúrò ìyá òun léèrè.

Òkùnkùn ní í bí àwòrán,
Ìmọ́lẹ̀ òjijì ní í pa á,
A dífá fún Oyèkànmí,
Ọmọ ayàwòrán-ará-ìta-gbàgbé-tilé,
Ní ọjọ́ tó ń lọ ra ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn ti lò rí.

Ìyá tí wọ́n lọ bá ni Ìyá Ọ̀ṣuntóún, àwòrò Ọ̀ṣun, àbúrò ìyá tó bí Oyèkànmí. Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni ó fi ń wò. Ó dà wọ́n sórí àtẹ, odù Ọ̀ṣẹ́ ló hù. Ó wò ó títí, ó sì gbójú sókè.

“Ire ni,” ó wí. “Ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ẹbọ wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò máa fọ ti ẹlòmíràn, kí ó kọ́kọ́ fọ tirẹ̀. Èyí tó bá sì dùn ún jù ni kí ó fọ̀.”

Díẹ̀kọ́lá rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ má bínú o. Ẹ̀rọ òyìnbó kì í jẹ eku, kì í jẹ ẹja. Iná ló ń jẹ.”

“Èmi kò dárúkọ eku,” ni Ìyá Ọ̀ṣuntóún fi dá a lóhùn.

Díẹ̀kọ́lá dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Oyèkànmí kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ ra ẹ̀rọ náà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀: nínú ọ̀rọ̀ tí ìyá náà sọ, èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni etí rẹ̀ mú. Ní gbogbo ilẹ̀ wa, bí alásọtẹ́lẹ̀ bá ní kí ènìyàn lọ fọ tirẹ̀, orí ni. Oyèkànmí ra ọṣẹ dúdú, ó ra kànìnkàn tuntun, ó gba odò lọ ní ìdájí, ó fọ orí rẹ̀ fọ́nífọ́ní. Ó tún din àkàrà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Orí mọ́, ó ń dán. Ṣùgbọ́n ayàwòrán ni Oyèkànmí, ó sì mọ ohun tí fífọ̀ ń jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ dé. Oyèkànmí nu ara ẹ̀rọ náà, ó da kẹ́míkà sínú àwọn agbada, ó tan iná sí i, ẹ̀rọ náà sì ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó mú fíìmù kan tó ti pẹ́ nínú àpótí, tí àkókò rẹ̀ ti kọjá, ó fi dán an wò. Fíìmù náà jáde, ó ṣú dùdù, díẹ̀ ni a rí nínú rẹ̀. Oyèkànmí ní kò sí wàhálà, fíìmù ló ti gbó.

Nígbà náà ni àwọn ọmọ Ìyá Alátẹ gbé fíìmù ìsìnkú ìyá wọn wá. Àwọn nìkan ni wọn kò tíì sá fún un nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́. Ó gbé fíìmù náà dé ẹnu ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ̀, kò lè tì í wọlé. Bí èyí náà bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò tún gbé fíìmù fún un ní Ìkìrun mọ́. Ó gbé e kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó padà sọ́dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣuntóún.

“Màmá, mo ti fọ orí,” ó wí.

“Mo rí i. Ó mọ́. Ṣé orí ni o fẹ́ máa fọ̀ fún àwọn oníbàárà?”

Oyèkànmí jókòó sílẹ̀. “Mo ti fi fíìmù tó gbó dán ẹ̀rọ náà wò.”

“Báwo ló ṣe jáde?”

“Ó ṣú. Mo ní gbígbó tó gbó ni.”

“Ohun tí kò dunni, a kì í pẹ́ rí àwáwí fún un,” ni Ìyá Ọ̀ṣuntóún wí. “Kí ni o ní lọ́wọ́, tó jẹ́ pé bí ó bá ṣòfò, o kò ní lè yà á mọ́?”

Ìyá tó bí Oyèkànmí ti kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Gbogbo Ìkìrun ni Oyèkànmí ti yà, kò rántí ya ìyá tó bí i títí di ìgbà tí agbára ti ń tán nínú rẹ̀. Fíìmù kan ṣoṣo ni. Ìyá náà ń bó ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi ọwọ́ lé e pé kí ó dúró kí òun di gèlè, Oyèkànmí sì ń yà á lọ. Nítorí pé kò fọkàn tán àwọn ará Ìbàdàn, kò gbé fíìmù náà lọ fọ̀. Ó fi í pamọ́ de ọjọ́ tí òun yóò ní ẹ̀rọ tó dájú.

“Ti màmá tó bí mi nìkan ni,” ó wí níkẹyìn.

Ìyá Ọ̀ṣuntóún kó owó ẹyọ rẹ̀ jọ sínú àpò díẹ̀díẹ̀. “Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́,” ó wí, kò sì wo ojú rẹ̀.

Oyèkànmí padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó mú fíìmù ìyá rẹ̀, ó tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ gbé e mì. Nígbà tó jáde lódìkejì, ó ṣú bí ojú ọjọ́ tí òjò fẹ́ rọ̀. Kò sí ẹ̀gúsí níbẹ̀, kò sí gèlè, kò sí ojú ẹnikẹ́ni. Oyèkànmí sunkún. Tuntun ni fíìmù yìí, kò lè sọ pé ó gbó.

Ó nu ojú, ó pa iná, ó sì tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Ó yọ àwọn rọ́là ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà náà ló rí i. Àwọn tó tà á ti fi í sílẹ̀ láìlò fún ìgbà pípẹ́, láìfọ inú rẹ̀. Kẹ́míkà agbada kejì ti gbẹ mọ́ àwọn rọ́là bí iyọ̀, ó sì ń yọ́ padà sínú agbada kìn-ín-ní. Ẹ̀kán rẹ̀ díẹ̀ ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Oyèkànmí fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ibi gbogbo, ó da kẹ́míkà àtijọ́ nù, ó da òmíràn sí i. Ó ya ojú pópó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó mọ́ kedere. Ìgbà náà ni ó fọ fíìmù àwọn ọmọ Ìyá Alátẹ, gbogbo ojú tó wá síbi ìsìnkú náà ló yọ.

Ẹ̀rọ ìkejì tí Díẹ̀kọ́lá rà pẹ̀lú ní àrùn kan náà, nítorí inú ilé kan náà ni wọ́n ti gbé méjèèjì. Òun náà fi fíìmù gbígbó dán an wò, ó ṣú, ó ní gbígbó ni. Lẹ́yìn náà ni ó ti gbogbo fíìmù ìgbéyàwó ọmọ olóyè kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ sì ṣòfò. Ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tí a ń tún ṣe nítorí ayàwòrán. Bàbá ìyàwó lé e jáde nílé rẹ̀, ìlú sì bá a pa ẹnu pọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ni ó ti ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà báyìí. Bí ọtí bá ti wọ̀ ọ́ lára díẹ̀, á ní ì bá ṣe pé òun fọ ti òun ni.

Ti Oyèkànmí kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Òkukù, láti Ìrágbìjí, ni àwọn ayàwòrán ti ń gbé fíìmù wá bá a. Nígbà tí ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Ọ̀ṣuntóún, ìyá náà ní kí ó fi fíìmù tó bàjẹ́ yẹn han òun. Ó gbà á, ó gbé e sí ojú oòrùn, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni,” ó wí. “Èmi náà ń retí àwòrán yìí.”

Oyèkànmí jókòó tì í.

Ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú u, ayé yẹ ẹ́; ẹni tó fi í ṣẹ̀sín, àbámọ̀ ló kù sí i lọ́wọ́. Bí ó ti rí láti ìṣẹ̀dálẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Oyèkànmí tí ayé yẹ náà, bí o bá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí o rí àwòrán gbogbo ìlú lára ògiri, tí o sì bi í pé èwo ni ìyá rẹ̀, yóò sọ fún ọ pé òun ti fi í rúbọ.