Òkété Ń Wo Ilé Káàkiri

"Àlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi rìn títí, ó yà sí ẹnu ihò Òkété. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Kí ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn náà fetí sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ni.

Ní ìgbà kan rí, Òkété fẹ́ Àwẹ̀ró níyàwó. Ó ṣèlérí fún àwọn àna rẹ̀ pé òun yóò kọ́lé sórí ilẹ̀, pé ọmọ wọn kò ní í pẹ́ nínú ihò. Àwẹ̀ró bímọ títí, inú ihò náà ni wọ́n wà. Bí òjò bá ti rọ̀, omi a ya wọlé, Àwẹ̀ró a kó àwọn ọmọ mọ́ra, wọn a máa gbọ̀n.

"Bàbá ọmọ mi, ilé dà?"

"Mo ṣì ń wo tàwọn ẹlòmíì. A kì í déédéé kọ́lé. Èyí tó bá dára lára ti kálukú, òun la ó mú."

Lóòótọ́ ló ń wò ó. Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gà ló kọ́kọ́ lọ, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.

"Ẹ̀gà, mo fẹ́ kọ́lé. Ta ló kọ́ ọ ní irú òrùlé yìí?"

Ta ni wọ́n ń yin ilé rẹ̀ tí inú rẹ̀ kì í dùn? Ẹ̀gà da àgbàdo síwájú àlejò. Òkété jẹ, ó yó, ó kó ìyókù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sílé. Lọ́dọ̀ Ìkán, ó ń fọwọ́ pa ògiri ọgán, ó ń mi orí. Ìkán bu olú fún un. Lọ́dọ̀ Oyin ńkọ́? Ó ní yàrá ibẹ̀ pọ̀ jù, òun kò lè wò ó tán lẹ́ẹ̀kan, òun ń padà bọ̀ lọ́la. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń bọ̀ wá wò.

Bí Àwẹ̀ró bá ní kí wọ́n bẹ ọ̀wẹ̀, Òkété a ní, "Ẹni tó bá bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ àwọn tó wá ṣe é. Kí la fẹ́ fi bọ́ wọn?"

Àfi ìgbà tí òjò ńlá kan rọ̀. Òkété ti jáde lọ wo ilé. Omi lé Àwẹ̀ró àti àwọn ọmọ dé kọ̀rọ̀ kan lókè ihò, ibi tí Òkété ní ejò wà, tó ní kẹ́nikẹ́ni má dé. Kò séjò níbẹ̀. Iṣu, ẹ̀pà, ẹyìn, àgbàdo, olú gbígbẹ, wọ́n kún dé àjà.

Àwẹ̀ró jókòó tì wọ́n, ó sunkún. Ilé bàbá rẹ̀ ló rántí, ilé kékeré lórí ilẹ̀ gíga, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ ti máa ń pa ẹ̀pà nírọ̀lẹ́, táwọn ọmọ á máa jí i jẹ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí èmi náà sí. Ó ti wó. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ẹrẹ̀ tútù, àárò rẹ̀ a máa sọ mí.

Àwẹ̀ró nu ojú, ó lọ bẹ Ẹ̀gà, Ìkán àti Oyin ní ọ̀wẹ̀.

Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, bí Òkété ṣe yọrí síta, gbogbo wọn ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

Ìkán ní, "Òkété, a gbọ́ pé o ti wo ilé tán. A wá bá ọ kọ́ ọ."

"Ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n oúnjẹ..."

"Oúnjẹ wà," ni Àwẹ̀ró wí. Iṣu ti wà lórí iná.

Ẹ̀gà bi í léèrè, "Àwẹ̀ró, ilé ta la ó wò kọ́ ọ? Tèmi ni ọkọ rẹ ní ó dára jù."

"Tèmi ló ní ó dára jù," ni Oyin wí. Wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ilé bàbá mi ni kẹ́ ẹ bá mi kọ́. Mo mọ̀ ọ́n dé igun."

Ó fẹsẹ̀ fa ìlà rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ìkán mọ ògiri, Ẹ̀gà bo òrùlé, Oyin fi ìda dí ojú ibi tí òjò lè gbà wọlé. Òkété ń po ẹrẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ ògiri kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Gbogbo ìgbà tí ẹrẹ̀ ń gbẹ, ńṣe ni wọ́n ń jẹun.

Nígbà tí ilé parí, ohun tó wà ní kọ̀rọ̀ náà ti tán pátá. Ebi ń pa Òkété. Ó bá Àwẹ̀ró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ sùn tì í lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Àwẹ̀ró, kí ló kù ní jíjẹ?"

"Bàbá ọmọ mi, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ wo ilé. Ilé wíwò ṣáà máa ń yó yín."

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ará ilé mi: ẹ má sọ ilé tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ di ọ̀nà oúnjẹ, nígbà tí òtútù ń mú àwọn tó ń retí rẹ̀. Ẹni tí yóò gbé inú ilé náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Ó ṣeé ṣe kó ti mọ̀ ọ́n dé igun.