Àwẹ̀ró Kọ̀, Kò Pe Ọmọ Rẹ̀ ní Ọmọdé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra, ó gba etí odò, ó fẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀, ó bà sórí Àwẹ̀ró amọ̀kòkò.

Ní ayé àtijọ́, obìnrin kan wà ní ìlú Ìdógbà, Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Ìkòkò ló ń mọ. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí oyún inú rẹ̀ pé oṣù méje. Ó sunkún ní àárọ̀, ó sunkún ní ọ̀sán, ó sunkún ní alẹ́. Nígbà tó bí ọmọbìnrin, ó sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún. Ọjọ́ yẹn ló dákẹ́ ẹkún.

Ọba ìlú náà fẹ́ràn orúkọ ara rẹ̀ ju ìlú lọ. Ní ọjọ́ kan, ó ń kọjá lọ́jà, ó gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń pe ara wọn, tí wọ́n ń ki ara wọn. Kò sẹ́ni tó ń ki òun. Inú bí i. Ó délé, ó ní kí akéde kéde kárí ìlú pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní orúkọ tirẹ̀ mọ́, àfi òun ọba. Irú ohun tí oníkálukú jẹ́ ni kí wọ́n máa pè é. Ẹni tó ń roko, àgbẹ̀. Ẹni tó ń hunṣọ, ahunṣọ. Ẹni tí kò tíì dàgbà, ọmọdé. Kódà odò Ẹlẹ́rẹ̀ di odò lásán, Òkè Agbọ́n di òkè lásán.

Ìlú dàrú. Ọba ránṣẹ́ pe àgbẹ̀ kan, ogójì àgbẹ̀ dé ààfin. Wọ́n túfọ̀ pé arúgbó kú lóko, ilé mẹ́ta bú sẹ́kún. Síbẹ̀, ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, wọ́n gbà.

Àwẹ̀ró kò gbà. Láràárọ̀, ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe Rẹ̀mílẹ́kún kó wá jẹun. Bí àwọn aládùúgbò bá ti gbọ́, wọ́n á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n má baà fi àwọn ṣe ẹlẹ́rìí.

Ọba rán àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin sí i. Ní ẹ̀ẹ̀kíní, wọ́n kìlọ̀ fún un. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì yíjú sẹ́yìn: "Rẹ̀mílẹ́kún, bu omi fún àwọn àlejò." Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n fọ́ gbogbo ìkòkò rẹ̀, kékeré àti ńlá. Iṣẹ́ oṣù méjì ni. Ó dùn ún dé egungun. Nígbà tí wọ́n lọ tán, òun àti Rẹ̀mílẹ́kún gbé agbọ̀n, wọ́n lọ wa amọ̀ mìíràn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n mú un lọ sí ààfin.

Ó kúnlẹ̀, nítorí ọba ni ọba.

"Kábíyèsí," ó wí, "ọmọdé pọ̀ nílùú yìí. Èyí tó nu omijé mi nù, ẹyọ kan ni. Ẹ lè fọ́ ìkòkò mi. Ẹ ò lè fọ́ orúkọ tí mo fi ẹkún rà."

Ọba ní kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé, kí Àwẹ̀ró àti ọmọ rẹ̀ ti fi ìlú sílẹ̀.

Nígbà tí ọjà ku ọ̀la, àwọn ọmọ ìlú ré odò kọjá, wọ́n lọ ṣa àgbálùmọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún wà níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn ọba náà wà níbẹ̀. Òjò rọ̀ lókè odò, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn ìyá sáré dé bèbè, wọ́n ń ké pé, "Ọmọdé, máa bọ̀. Ọmọdé, máa bọ̀." Àwọn ọmọ gbọ́. Olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Wọ́n ń ṣa àgbálùmọ̀ wọn lọ.

Omi tó kókósẹ̀. Omi tó orúnkún. Àwẹ̀ró dé, ó gbé orin. Ẹ bá mi gbè é:

Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ tèmi,
*Máa bọ̀ o, máa bọ̀.*
Ọmọ pọ̀ létí odò,
*Máa bọ̀ o, máa bọ̀.*
Ìwọ ni mo pè, n ò pe ẹlòmíràn,
*Máa bọ̀ o, máa bọ̀.*
Ẹlẹ́rẹ̀ ti kún, omi ń bọ̀,
*Máa bọ̀ o, máa bọ̀.*

Rẹ̀mílẹ́kún da àgbálùmọ̀ nù, ó wọ́ omi kọjá. Àwẹ̀ró kọjú sí àwọn ìyá.

"Ẹ pe ọmọ yín. Ẹni tí wọ́n bá máa fìyà jẹ, kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá dé."

Ọ̀kan pe Àrìnọlá. Èkejì pe Fátúnbí. Ìkẹta pe Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Orúkọ gba etí odò kan. Àwọn ọmọ di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n kọjá.

Ó ku ọmọ ọba. Ọba ti dé pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ó ń pàṣẹ pé kí ọmọdé wá. Ọmọ náà jókòó sábẹ́ igi, ó ń wò. Ni olorì bá kọjá níwájú ọkọ rẹ̀, ó pe, "Adétóún, ọmọ mi." Ọmọ náà dìde, ó bọ́ sínú omi. Omi ti tó o ní àyà. Àwẹ̀ró bẹ́ sódò, ó gbé e kọ́ èjìká, ó gbé e fún ìyá rẹ̀.

Ọba ní kí ẹ̀ṣọ́ de Àwẹ̀ró. Ẹ̀ṣọ́ náà wo odò, ó wo ọmọ tirẹ̀ tí ara rẹ̀ tutù rinrin, ó gbé okùn sílẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ wá ẹlòmíràn. Láwóyin ni mò ń jẹ́."

Ahunṣọ kan sọ orúkọ tirẹ̀. Àgbẹ̀ kan sọ tirẹ̀. Ọba nìkan ló padà sí ààfin. Àwẹ̀ró kò fi ìlú sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọba yẹn mọ́, ọba lásán ni wọ́n ń pè é títí ó fi wàjà. Ìdí nìyẹn tí èmi tí mò ń pa ààlọ́ yìí kò fi mọ orúkọ rẹ̀.

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé orúkọ méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ ti gbogbo ohun tó jẹ́ irú kan: ọmọ, odò, ìlú, ọba. Èkejì jẹ́ ti ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ gba èkejì lọ́wọ́ rẹ, má ṣe dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni ààlọ́ tèmi gúnlẹ̀ sí o.