Àwẹ̀ró àti Ẹ̀yìn Àmù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbiri, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, ó lọ fẹ̀yìn ti àmù omi nínú ìyẹ̀wù, ó sì dá lé orí Àwẹ̀ró, aya Àjàgbé. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá gbọ́ orin kó bá mi gbè é. Àlọ́ tòní kì í ṣe àlọ́ ẹ̀rín.

Ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Osè, ìyá arúgbó kan wà tí ń jẹ́ Ojúọlápé. Opó ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni Àjàgbé, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Àwẹ̀ró ni ìyàwó Àjàgbé. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbélé. Àwẹ̀ró mọ irun dì. Bó bá di ṣùkú fún èèyàn, onítọ̀hún kò ní fẹ́ fi gèlè bò ó.

Ìyá Ojúọlápé ní ìṣe kan. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe ọyẹ́, yóò tún ilé rẹ̀ ṣe látòkè délẹ̀. Gbígbá àràárọ̀ wà lọ́tọ̀ o, ti Àbámẹ́ta lọ́tọ̀. Á kó ẹní síta, á gbọ̀n wọ́n, á sá wọn sóòrùn. Á so ìgbálẹ̀ mọ́ igi gígùn, á fi họ òwú aláǹtakùn kúrò lára àjà. Á sún àmù kúrò láyè rẹ̀, á fọ inú rẹ̀, á gbá ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo pàǹtírí tó bá jáde, á kó o lọ sí ààtàn, á sun ún. Bí iyọ̀ bá dà sílẹ̀ nílé ìyá yìí, èèyàn á ṣà á sẹ́nu láìbojú wẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó dé. Ojú ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì bí ẹni tó wà nínú ìkúukùu. Kí ó tó di ọdún kejì, ó ṣókùnkùn biribiri. Ó pe Àwẹ̀ró, ó na ìgbálẹ̀ sí i.

"Àwẹ̀ró, ojú mi ti lọ. Ọwọ́ rẹ ni ilé yìí kù sí."

"Ìyá, ẹ má mikàn. Bí ẹ ṣe ń ṣe é ni n ó máa ṣe é."

"Ẹ̀yìn àmù ni kó o fọkàn sí jù. Ibi tí ojú àlejò kì í dé, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń wá ilé gbé."

"Mo gbọ́, Ìyá."

Láti ọjọ́ náà, bí Àbámẹ́ta bá ti mọ́, ìyá á jókòó sórí ẹní rẹ̀, á gbé orin. Àwẹ̀ró á máa gbálẹ̀, á máa gbè é. Ó yá, ẹ gbè é:

Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ pé lónìí o,
*Gbálẹ̀, gbálẹ̀.*
Gbá yàrá, gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀,
*Gbálẹ̀, gbálẹ̀.*
Ẹ̀yìn àmù wa ńkọ́ o?
*Gbálẹ̀, gbálẹ̀.*
Ìdọ̀tí kì í ṣàlejò ire,
*Gbálẹ̀, gbálẹ̀.*
Má jẹ́ ó bá wa sùnlé o,
*Gbálẹ̀, gbálẹ̀.*

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Àwẹ̀ró fi ṣe é tọkàntọkàn. Inú ìyá dùn. Ó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní Àbámẹ́ta kan, Àwẹ̀ró jí, orí ń fọ́ ọ gidigidi. Bó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, òòyì kọ́ ọ. Ojú ń tì í láti sọ. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ìyá yìí ṣe é títí ó fi darúgbó. Èmi ọ̀dọ́ á wá ní orí ń fọ́ mi?" Ó gbé ìgbálẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá gbé orin. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbálẹ̀ na ilẹ̀ níbi tó jókòó sí. Wáá! Wáá! Wáá!

Ẹ̀yìn àmù wa ńkọ́ o?
*Gbálẹ̀, gbálẹ̀.*

Àwẹ̀ró ń gbè é. Wáá! Wáá! Kò kúrò lójú kan.

Nígbà tó "parí," ìyá mí kanlẹ̀. "O ṣeun, ọmọ mi. Àwọn ọmọ tí o máa bí ni yóò tọ́jú rẹ báyìí."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ dé ẹnu Àwẹ̀ró, ó gbé e mì. Ó ní, "Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, n ó gbá ti ọ̀sẹ̀ méjèèjì pọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ó gbá a?

Kò gbá a!

Lóòótọ́ ni, kò gbá a. Àbámẹ́ta kejì dé, orí kò fọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ dirun ti tò síwájú ilé. Ó tún na ilẹ̀, wáá, wáá, ó jáde lọ. Àbámẹ́ta kẹta, ojú kò tì í tó ti tẹ́lẹ̀. Àbámẹ́ta kẹrin, kò tilẹ̀ rántí pé ojú yẹ kó ti òun. Iwájú ilé àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń gbá fún ojú ayé. Ohun tó bá gbá, á tì í lọ sí ẹ̀yìn àmù. Èèpo iṣu, ibẹ̀ ni. Ṣùkù àgbàdo, ibẹ̀ ni. Irun tó já lórí àwọn oníbàárà rẹ̀, ibẹ̀ náà ni. Òkìtì ń ga díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn ìyẹ̀wù.

Ìyá ń gbóòórùn.

"Àwẹ̀ró, kí ló ń rùn báyìí?"

"Ewúrẹ́ kan ló kú sẹ́yìn ilé, Ìyá. Wọ́n ti gbé e."

Lọ́jọ́ mìíràn, nǹkan ń ró nínú ìyẹ̀wù, wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ṣé kì í ṣe eku nìyẹn?"

"Afẹ́fẹ́ ni, Ìyá. Ó ń fẹ́ ewé kiri ni."

Ìyá gbà á gbọ́. Bí kò bá gbà á gbọ́, ta ni ì bá gbà gbọ́? Ojú Àwẹ̀ró nìkan ló kù tó fi ń ríran.

Látúndùn, aládùúgbò wọn, wá dirun. Ó wọlé lọ bu omi mu, ó sá jáde.

"Àwẹ̀ró! Ta ló kó ààtàn wọlé yín?"

"Yé é pariwo, Ìyá á gbọ́!"

"Mo rí eku mẹ́ta níbẹ̀, wọn kò tilẹ̀ sá fún mi. Ibi tí eku bá pọ̀ sí, ejò kò ní pẹ́ débẹ̀. Jẹ́ ká dìde báyìí, èmi pẹ̀lú rẹ, ká kó o."

Àwẹ̀ró wo irun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo òde. "Àbámẹ́ta tí ń bọ̀," ló wí. "Mo ṣèlérí."

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí, lọ́sàn-án gangan, wọ́n pe Àwẹ̀ró lọ dirun ìyàwó tuntun kan lójúlé kẹta. Oòrùn mú. Òùngbẹ ń gbẹ ìyá. Àwẹ̀ró ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè.

"Àwẹ̀ró o! Fún mi lómi o!"

Irun kù díẹ̀. Ó ní, "Mò ń bọ̀, Ìyá!" Kò dìde.

"Àwẹ̀ró o!"

"Mò ń bọ̀!"

Lẹ́ẹ̀kẹta, kì í ṣe orúkọ ni ìyá pè. Igbe ló ké, igbe kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́. Òòyà já bọ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Ó sáré, ó fẹsẹ̀ kọ, ó dìde, ó tún sáré.

Ó bá ìyá lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Igbá ìbumi ti yí bọ́ sẹ́yìn àmù, ìyá sì nawọ́ láti mú un, nítorí ó gbà pé ibẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ní ojú méjì kéékèèké. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kún fún pàǹtírí, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò.

"Àwẹ̀ró, ìwọ ni?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Kí ni èyí tó wà lọ́wọ́ mi?"

Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn.

"Èèpo iṣu ni," ni ìyá wí jẹ́jẹ́. "Èyí, irun orí ni. Àwẹ̀ró, ṣé inú ilé mi ni mo wà, àbí mo ti ṣìnà?"

Ibi tí Àwẹ̀ró ti ń wólẹ̀ ni paramọ́lẹ̀ kan ti yọ lára òkìtì, wọ́ọ́rọ́, ó kọjá lẹ́sẹ̀ ògiri. Àwẹ̀ró figbe ta. Àwọn ará abúlé dé, wọ́n pa ejò. Bàbá kan tó mọ egbòogi fi okùn so apá ìyá, ó fún un ní àgbo mu. Wọ́n ránṣẹ́ sí Àjàgbé lóko. Apá wú títí dé èjìká, ó dúdú.

Ọjọ́ méjì ni Àwẹ̀ró kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ́wọ́. "Ìyá, orí ló fọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ojú ló tì mí láti sọ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ìyá yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí i.

"Nítorí orí fífọ́? Àwẹ̀ró, ṣé n ó pa ọ́ ni? Ǹ bá ní kó o lọ sùn. Ǹ bá po àgbo fún ọ."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó ṣú, ìyá kú.

Òkú àgbà ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò jó. Àjàgbé dé pẹ̀lú eruku ọ̀nà lẹ́sẹ̀. Àlejò ń bọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ palẹ̀ ilé mọ́, ni àwọn obìnrin àdúgbò bá wọ inú ìyẹ̀wù lọ. Agbọ̀n mẹ́sàn-án ni wọ́n kó jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé wọn kọjá níwájú Àjàgbé. Nínú agbọ̀n kẹfà, ọmọ eku tí kò tíì lajú ń jà pìtìpìtì. Àwẹ̀ró dúró, ó ká ọwọ́ lérí.

Àjàgbé bi í pé, "Ọ̀sẹ̀ mélòó ni gbogbo èyí?"

"N kò mọ iye rẹ̀ mọ́," ni Àwẹ̀ró dáhùn.

Ọkùnrin náà mi orí. Kò lù ú. Kò bú u. Ogójì ọjọ́ kò bá a sọ̀rọ̀ ju kú àárọ̀, kú alẹ́ lọ. Ìgbà tó yá, ó pè é síwájú ilé.

"Àwẹ̀ró, n kò ní lé ọ. Ìyá mi kì í lé èèyàn. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó o bá sọ fún mi, n ó kọ́kọ́ fojú ara mi rí i kí n tó gbà."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Àjàgbé fi oko ọ̀nà jíjìn sílẹ̀, ó dá òmíràn sí etílé. Bí Àwẹ̀ró bá ní oúnjẹ ti jinná, Àjàgbé á ṣí ìkòkò. Bó bá ní òun ti ti ilẹ̀kùn, Àjàgbé á dìde lọ dì í mú wò. Àwẹ̀ró ń tún ilé náà ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ báyìí, kò pa Àbámẹ́ta kan jẹ. Ilé mọ́ tónítóní. Lálaalẹ́, kí ọkọ rẹ̀ tó sùn, á gbé fìtílà, á wọ ìyẹ̀wù, á sún àmù sẹ́gbẹ̀ẹ́, á bojú wẹ̀yìn rẹ̀. Àwẹ̀ró á dùbúlẹ̀, á máa gbọ́ bí àmù ṣe ń họ ilẹ̀. Títí ó fi darúgbó, kò rí ọjọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ kò wo ibẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí kalẹ̀ sí rèé, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ohùn há mi lọ́fun. Bí òótọ́ ni mo sọ, kí ẹnu mi máa dùn gbọ́ títí tí n ó fi hewú tán.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ni pé: ilé tí a bá ń tún ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kì í di ẹrù, èyí tí a bá ń sún síwájú ló ń di òkìtì. Ẹ má tan ẹni tó gbójú lé yín. Bó bá sì rẹ̀ yín lọ́jọ́ kan, ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín. Àárẹ̀ kò pa Ìyá Ojúọlápé. Irọ́ àti ìdọ̀tí ló pa á.