Òkúta Ojú Ọ̀run àti Ìyá Ìgbín

Ààlọ́ o! Ẹ dáhùn kó ròkè. Ààlọ̀!

Ní ìlú àwọn ẹranko, gbogbo wọn ló máa ń ro etí ìlú lẹ́ẹ̀rùn, kí iná ìgbẹ́ má baà wọlé. Lọ́dún kan, Àwòdì ní, "Mo rí òkúta ńlá lójú ọ̀run. Ó lè já lù wá, ó sì lè kọjá. Èmi á máa ṣọ́ ọ."

Ẹfọ̀n, ọba wọn, ní, "Rárá o! Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Gbogbo wa la ó máa wòkè."

Wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀. Ìyá Ìgbín bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Àwòdì ń ṣọ́ òkè o,
*Ẹ jẹ́ ká ro etí ìlú!*
Iná kì í ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ o,
*Ẹ jẹ́ ká ro etí ìlú!*

Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó panu mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, iná wọ̀lú. Ẹlẹ́sẹ̀ sá lọ.

Nígbà tí Àwòdì padà wá sọ pé òkúta ti kọjá, ìkarahun Ìyá Ìgbín ni wọ́n ń ṣà nínú eérú.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ké pé ọ̀run ń ya bọ̀, Ẹfọ̀n a béèrè pé, "Ṣé Àwòdì ń wò ó?" Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a gbé ọkọ́ rẹ̀.